Bí Mo Ṣe Fẹ́ Gbé Àbámọ̀ Mi Sọnù ní Igbó Ìbáṣepé

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ da ẹ̀tù inú ìbọn mi yìí sílẹ̀ ná. Ọdẹ tí ó bá ń pìtàn tòun ti ìbọn kíkì lẹ́sẹ̀, gbogbo ènìyàn ni yóò máa mi orí pé òótọ́ ni ó ń sọ, èmi kò sì fẹ́ irú òótọ́ bẹ́ẹ̀. Ó yá, ó ti dà nù. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́ lè pè mí báyìí, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ mu ẹmu ọwọ́ rẹ̀ tán, nítorí èmi ni mo gbé ẹmu náà wá.

Èmi ni Ògúnmọ́dẹdé, ọmọ Ìdí-Apá. Èmi ni ọ̀bọ ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó ń ju èso ẹnu rẹ̀ nù. Mo yìnbọn sí ẹtu kan rí lókè àpáta, èyí tó wà nísàlẹ̀ àpáta ni ó kú, ìbẹ̀rù ló pa á. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, bèèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ, òun ló bá mi gbé e wálé. N kò bẹ̀rù ẹkùn, n kò bẹ̀rù erè. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló bà mí lẹ́rù rí láyé, òun náà sì ni: "Irọ́ ni mo pa." Ẹ gbọ́ bí ó ṣe jẹ́. Ní ìlú tiwa, bí ọdẹ méjì bá yìnbọn lu ẹran kan, ẹni tí ọta rẹ̀ kọ́kọ́ wọlé ni ó ni orí àti ìrù, òun náà ni wọ́n máa ń sun ìjálá fún. Ẹnì kejì yóò gba itan, yóò sì máa pàtẹ́wọ́. Èmi àti Ọdẹ́níyì, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí a ti ń dẹ pàkúté fún eku ẹ̀yìnkùlé, ni a jọ pa ẹfọ̀n kan lọ́dún náà. Ìbọn Ọdẹ́níyì ló kọ́kọ́ dún. Ọta tirẹ̀ ló wọ ẹ̀yìn etí ẹfọ̀n. Kí tèmi tó dún, ẹfọ̀n ti kúnlẹ̀. Èmi kàn yìnbọn mọ́ ìkúnlẹ̀ ni.

A gbé ẹran dé ojúde Olúọ́dẹ. Ojúde kún fọ́fọ́. Àwọn àna mi wà níbẹ̀, ìyá ìyàwó mi jókòó sórí àpótí níwájú gbogbo ènìyàn. Olúọ́dẹ ní, "Ta ló kọ́kọ́ yìn ín?" Kí n tó mú ẹnu mi, ó ti sáré jáde: "Èmi ni, Bàbá." Bàbá wò mí, ó wo Ọdẹ́níyì, ó ní kí wọ́n gbé irin Ògún wá kí n fi ahọ́n kàn án. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé ẹni tó bá fi irọ́ lá irin Ògún kì í bá wọn jẹ iṣu ọdún tó ń bọ̀. Irin ti kù díẹ̀ kí ó kan ètè mi nígbà tí Ọdẹ́níyì na ọwọ́, tí ó tì í kúrò. Ó ní, "Bàbá, ẹ má wulẹ̀ ṣe ìyọnu. Bí Mọ́dẹdé bá ní òun ni, òun náà ni." Bí wọ́n ṣe gbé orí ẹfọ̀n lé mi lọ́wọ́ nìyẹn, tí wọ́n sì sun ìjálá fún mi títí oòrùn fi wọ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹran orí náà kò dùn. Mo fi iyọ̀ sí i, mo fi ata sí i, ńṣe ni ó ń dà bí ẹni pé kànrìnkàn ni mò ń jẹ. Mo lọ sígbó. Ọ̀yà kan dúró síwájú mi lọ́sàn-án gangan, mo yìn ín, mo tàsé. Ó wò mí tàánú-tàánú, ó sì rọra bá tirẹ̀ lọ. Ìyàwó mi, Àwẹ̀ró, ní, "Bàbá Ìdòwú, ẹ ti dorí kodò láti àárọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wà nínú yín, ẹ sọ ọ́. Bí kò bá sí, ẹ gbé korobá, ẹ bá mi pọnmi." Mo lọ pọnmi. Ọjọ́ tí mo pọnmi náà ni mo gbọ́ lódò pé Ọdẹ́níyì ń di ẹrù, pé ọdẹ síṣe ti sú u, pé ní ọjọ́ kẹrin yóò kó tọmọ-tọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀, kò sì ní í padà wá mọ́. Ilé rẹ̀ kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ sí tèmi. Mo bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Mo dé ìdí igi àgbálùmọ̀ tó wà láàárín, mo yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Àwọn àgbà ní gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Èmi sọ fún ara mi pé bóyá àwọn àgbà ò wá a dé igbó ni. Wọ́n ní ẹnì kan wà ní Igbó Ìbáṣepé tó máa ń yọ àbámọ̀ lára ènìyàn. Dípò kí n rin ogójì ìṣísẹ̀ lọ tọrọ àforíjì, mo gbé ìbọn, mo rin odidi ọjọ́ kan gbáko lọ wá oògùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́, ẹ̀yin náà ti rìn ín rí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo dé ẹnu igbó náà. Mo bá baba arúgbó kan níbẹ̀ tí orí rẹ̀ yí sẹ́yìn pátápátá: àyà rẹ̀ kọjú síwájú, ojú rẹ̀ ń wo ibi tí ó ti ń bọ̀. Bí ó bá gbẹ́sẹ̀ mẹ́ta, a fi àyà gbá igi, a sì ní, "Ẹ má bínú o," fún igi náà. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ìrìn o." Ó kẹ̀yìn sí mi kí ó lè rí mi dáadáa. Ó ní, "Bojúwẹ̀yìn ni wọ́n ń pè mí. Ẹni tí kò bá mọ àlọ́ mi kò ní í wọlé. Ta ní ń pẹ́ dé ìpàdé, tó sì máa ń sọ̀rọ̀ ju gbogbo ẹni tó tètè dé lọ?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni." Ó ní kì í ṣe òun. Mo ní, "Bàbá, ẹ kò mọ ọkùnrin yẹn ni." Ó ní bí ó ti wù kí ó rí, kì í ṣe òun. Mo jókòó sórí gbòǹgbò igi, mo ronú títí. Ibi tó máa ń gún mi láyà láti ọjọ́ orí ẹfọ̀n tún gún mi, ni ìdáhùn bá bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Àbámọ̀ ni. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti tán ló máa ń dé, kò sì ní í jẹ́ kí ènìyàn ó sùn." Bàbá ní, "O gbà á. Àbámọ̀ ló yí ọrùn tèmi. Mo lé ìyàwó mi jáde nítorí ọbẹ̀ tó níyọ̀ jù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ẹ̀yìn wò bóyá ó ń bọ̀. Ogún ọdún rèé." Mo ní, "Ṣé ẹ ò lọ bẹ̀ ẹ́ ni?" Ó ní, "Bẹ̀ ẹ́ kẹ̀? Èmi tí mo ń wo ẹ̀yìn, níbo ni mo ti fẹ́ rí ọ̀nà?" Bí ó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ó tún gbá igi ìrókò kan, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo wọlé. N kò rìn jìnnà tí mo fi bá iwin kan tó sanra bí àká, tó jókòó ti ìkòkò epo ràgàjì kan lórí iná. Ikùn ni ẹnu rẹ̀ wà, orúnkún ni ó sì fi ń nu ún. Gbàgbéjẹ́ẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ, kí ló ń dùn ọ́?" Mo rò fún un. Ó ní, "Ìyẹn nìkan? Èmi á bá ọ yọ ọ́, n kò sì ní í gba kọ́bọ̀." Ẹ gbọ́ o, nǹkan tí wọ́n bá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ nínú igbó, ẹ kọ́kọ́ yí i padà, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Èmi kò wo ìdí kankan. Gbàgbéjẹ́ẹ́ ti ìka kan bọ̀ mí létí, ó fà á, ó ń yọ bí ìgbín ṣe ń yọ nínú ìkarahun, àfi pọ̀ọ̀! Nǹkan kékeré kan jáde, kò ju ọ̀kẹ́rẹ́ lọ, ojú rẹ̀ jọ tèmi, irùngbọ̀n rẹ̀ jọ tèmi, ó sì dorí kodò bí ẹni tí wọ́n bá nídìí ẹran. Gbàgbéjẹ́ẹ́ dé e mọ́ abẹ́ àgò tí wọ́n fi ń dé adìẹ. Ó ní bí epo bá ti gbóná dáadáa, òun á dín in.

Ara mi fúyẹ́! Mo jó. Mo rántí Ọdẹ́níyì, mo rántí orí ẹfọ̀n, kò dùn mí rárá. Ńṣe ni ó dà bí ọ̀rọ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ sí ará ìlú mìíràn. Mo gba ọ̀nà mìíràn kọjú sílé, mo bá àwọn tí wọ́n ti yọ àbámọ̀ tiwọn ṣáájú mi. Obìnrin kan ń sá èlùbọ́ síwájú ewúrẹ́. Ewúrẹ́ jẹ ẹ́ tán, ó bú ewúrẹ́, ó sì tún sá òmíràn síbẹ̀. Ọkùnrin kan, Tọwọ́bọyin, ń ti ọwọ́ bọ inú ihò oyin láìfín in léèéfín. Oyin ta á, ó ké, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́ náà, ó sì tún tì í bọ̀ ọ́. Ọwọ́ ti wú bí iṣu. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n á tún ta yín o." Ó ní, "Mo mọ̀. Àná náà, wọ́n ta mí. Ṣùgbọ́n kò dùn mí dọ́kàn, kí ló dé tí n kò ní í tún gbìyànjú?" Mo fi í rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ẹ̀rín náà ni mo ń rín lọ tí mo fi jábọ́ sínú ihò kan tó kún fún ẹrẹ̀. Tọwọ́bọyin fà mí jáde. Mo yí po, mo rí ihò náà níwájú mi, mo mọ̀ pé ihò ni, mo mọ̀ pé mo ti jìn sí i. Ṣùgbọ́n ìjìnsí náà kò kù lára mi rárá, mo tún gba ibẹ̀, mo tún jábọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni, èmi Ògúnmọ́dẹdé, tí ihò tí àwọn ẹlòmíràn gbẹ́ fún ìmàdò kò mú rí.

Bí mo ṣe ń gbọn ẹrẹ̀ nù, ẹtu kan bẹ́ jáde. Tọwọ́bọyin fi ọwọ́ wíwú náà gbé ọrun, ó ta á lọ́fà, ẹtu ṣubú. Ìbọn tèmi wà léjìká, n kò tilẹ̀ gbé e. Ọfà dúró gangan lára ẹran, gbogbo ayé ń wò ó. Mo la ẹnu mi yìí, mo ní, "Èmi ni mo kọ́kọ́ yìn ín!" Tọwọ́bọyin ní ó dáa, kí n máa gbé e lọ. Àfi bí ohùn kan ṣe ké láti abẹ́ àgò lọ́hùn-ún: "Mọ́dẹdé! O tún ti bẹ̀rẹ̀ o!" Ohùn tèmi gan-an ni. Kí n má parọ́ fún yín, kò dùn mí, nítorí ohun tí ì bá dùn mí ni ó wà lábẹ́ àgò yẹn. Ṣùgbọ́n orí mi ṣì pé. Mo wo ẹtu, mo wo ọwọ́ Tọwọ́bọyin, mo wo ẹrẹ̀ ara mi, ìpele mẹ́ta. Mo ní, hà! Bí mo bá lọ sílé báyìí, Ọdẹ́níyì á kó lọ, n kò sì ní í mọ̀ pé nǹkan kan sọnù. N óò máa jẹ orí ẹran ẹlẹ́ran, yóò sì máa dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ìgbà náà ni ẹ̀rù bà mí, irú èyí tí ẹkùn kò dá sí mi lára rí.

Mo sáré padà. Epo ti ń hó. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní àbámọ̀ mi." Gbàgbéjẹ́ẹ́ fi ikùn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀pọ̀ ló máa ń padà wá. Sọ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí o fẹ́ fi í ṣe, bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ lóòótọ́, máa mú un lọ." Mo ní, "N óò máa fi í ronú." Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́, èyí tí wọ́n bá fi ronú ló máa ń sanra jù." Mo ní, "N óò máa fi í sunkún." Ó ní, "Yéè, ìyẹn ló tún máa ń níyọ̀ jù!" Ó sì ti na ọwọ́ sí àgò. Mo wo nǹkan kékeré náà, ó gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ń wò mí. Mo ní, "Ogójì ìṣísẹ̀ ni ó wà láàárín ilé mi àti ilé Ọdẹ́níyì. Ẹsẹ̀ mi kò lè rìn ín. Mo fẹ́ kí ó mú mi débẹ̀." Gbàgbéjẹ́ẹ́ fa ọwọ́ padà, ó yínmú. Ó ní, "Ó ti bàjẹ́. Èyí tí wọ́n bá ti rán níṣẹ́ kò ṣeé jẹ mọ́, iṣan ni gbogbo ara rẹ̀ máa ń dà. Mú un." Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n ìwọ ọdẹ, ìwọ fúnra rẹ sanra díẹ̀ o."

Mo gbọ́, ẹsẹ̀ mi náà gbọ́. Mo gbé àbámọ̀ mi há abíyá, mo ki eré mọ́lẹ̀. Gbàgbéjẹ́ẹ́ gbá tẹ̀lé mi, ikùn rẹ̀ ń la, ó ń pa dé, ilẹ̀ ń mì tìtì. Àbámọ̀ yọjú lábẹ́ abíyá mi, ó ní, "Ihò nìyẹn! O ti jìn sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, fò ó!" Mo fò ó. Mo gbọ́ gbìrìmù lẹ́yìn mi. Gbàgbéjẹ́ẹ́ ti jìn. Ó pọ́nkè jáde, ó bínú, ó yí po, ó tún jìn. Ẹ wò ó, àbámọ̀ gbogbo ayé ló wà níkùn rẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó jẹ́ tirẹ̀! Àfàìmọ̀ kó má ṣì wà nínú ihò náà títí dòní. Mo dé ẹnu igbó, mo bá Bojúwẹ̀yìn níbi tí ó ti ń kí igi, mo kígbe sí i pé, "Bàbá, ibi tí ẹ ń wò yẹn náà ni ìyàwó yín wà! Ẹ yáa fi ẹ̀yìn rìn, ẹ máa lọ síbẹ̀!" N kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Lójú ọ̀nà ni àbámọ̀ mi tún gba etí wọlé padà, gbogbo ibi tó máa ń gún mi sì gún mi lẹ́ẹ̀kan náà, mo fi ìrora náà dúpẹ́.

Ọjọ́ kẹrin ni mo wọ ìlú, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ẹrù Ọdẹ́níyì ti wà níta, ẹní, àpótí, odó, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti fi okùn dì. Mo dé ìdí àgbálùmọ̀, ẹsẹ̀ mi fẹ́ dúró. Nǹkan kékeré inú mi bù mí jẹ, ẹsẹ̀ bá tún gbéra. Irọ́ tí mo pa lójúde, n kò lè lọ tú u ní kọ̀rọ̀. Mo kígbe títí Olúọ́dẹ fi jáde, títí àwọn àna mi fi jáde, títí ìyá ìyàwó mi fi gbé àpótí rẹ̀ wá jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Irọ́ ni mo pa. Ọta Ọdẹ́níyì ló pa ẹfọ̀n. Òun ló ni orí, òun ló ni ìjálá." Ìyá ìyàwó mi pòṣé, òṣé náà gùn tó ọ̀nà oko. Olúọ́dẹ ní wọn kò ní í sun ìjálá fún mi fún odidi ọdún kan, ó sì tọ́ sí mi.

Ọdẹ́níyì kàn ń wò mí. Ó ní, "Ṣé o rò pé n kò mọ̀ ni? Ta ló mọ ìró ìbọn mi jù mí lọ?" Mo ní, "O mọ̀? Kí ló dé tí o fi ti irin Ògún kúrò lẹ́nu mi?" Ó ní, "Kí n jẹ́ kí o lá a ni? Ẹfọ̀n ṣì pọ̀ nínú igbó. Mọ́dẹdé mélòó ni mo ní?"

Mo sunkún. Èmi ọdẹ, mo sunkún lójú àwọn àna mi. Mo ní, "Kí ló wá ń lé ọ lọ?" Ó ní, "Kò sí nǹkan tó ń lé mi. Mo dúró kí o wá, o kò wá. Ó rẹ̀ mí." Ó wo àwọn ẹrù náà, ó fi ẹsẹ̀ ti ẹyọ kan sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Ìwọ lo dì í. Ìwọ ni kí o tú u." Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí ẹni tó ń ta kókó bí ọdẹ. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń tú okùn, èékánná mi ya, ìyàwó rẹ̀ ń gbé àgbàdo sísun fún gbogbo àwọn tó ń wòran, kò fún èmi. Nígbà tí mo tú ti odó, tó jẹ́ ìkẹyìn, Ọdẹ́níyì gbé e wọlé fúnra rẹ̀.

Ẹ máa bi mí pé ibo ni àbámọ̀ mi wà báyìí. Ó wà níbi tó wà. Ajá ọdẹ ni mo kà á sí: ẹni tó bá ń mú un lọ sígbó, á máa júwe ọ̀nà fún un, ẹni tó bá so ó mọ́lẹ̀ sílé, olówó rẹ̀ ni yóò máa bù jẹ. Kì í sì í ṣe pé ó mọ iṣẹ́ náà dáadáa láti ọjọ́ kìn-ín-ní o. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí èmi àti Ọdẹ́níyì tún jọ wọ igbó, ìgalà ńlá kan dìde níwájú wa. Ìbọn dún gbòlà! Ìgalà ṣubú. Kí ó tó kan ilẹ̀ ni mo ti ju ìbọn mi nù, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, mò ń ké tagbára-tagbára pé, "Tìẹ ni! Ọdẹ́níyì, tìẹ ni! Ìwọ lo kọ́kọ́ yìn ín!" Ọdẹ́níyì wò mí títí. Ó ní, "Mọ́dẹdé, ìbọn tèmi kò tíì dún."